Ta Ló Ya Fọ́tò Orí Omi Yẹn?

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni, létí adágún ńlá ní ìlú Kisumu, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Wọ́n ti jẹ ẹja àti ùgálì, òkèlè àgbàdo wọn, yó, ó wá ku kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo erinmi. Àwọn márùn-ún ni: Apondi, tó ń ṣe irun fáwọn obìnrin, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Apondi yìí, ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Kó tó jókòó, ó ti kọjú sí atukọ̀.

"Ẹ̀wù amúniléfòó wa dà?"

Atukọ̀ nawọ́ sí orí ìjókòó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jókòó lé àwọn ẹ̀wù náà, wọ́n fi ṣe tìmùtìmù. Apondi fa ọ̀kan yọ, ó wọ̀ ọ́, ó sì so gbogbo okùn rẹ̀ pinpin.

"Yéè! Ẹ wá wo ìjàpá!" Awino, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Ṣé báyìí lo ṣe fẹ́ ya fọ́tò?"

"Mo gbà, ìjàpá ni mí. Ẹ ṣáà jẹ́ n jókòó."

Wọ́n rí erinmi, wọ́n kígbe, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lójijì, ọkọ̀ yí bìrí, Apondi sì bá ara rẹ̀ nínú omi. Ẹ̀wù náà gbé e léfòó. Àfi bí ọkọ̀ ṣe tún yí padà wá bá a, tí abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì sì ya ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Ogutu tó ni ọkọ̀ wá kí i ní ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n màmá Apondi ni. Ó gbé ṣúgà àti búrẹ́dì dání, ó sì mú ìwé kan wá. Odira, ẹ̀gbọ́n Apondi ọkùnrin, ló tẹ̀ lé e wọlé.

"Ọmọ wa, pẹ̀lẹ́ o. Adágún yìí, kò sẹ́ni tó mọ inú rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́."

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Mo ti sanwó ìtọ́jú títí dòní. Fọwọ́ sí ibí yìí, kí ọ̀rọ̀ náà parí láàárín ẹbí."

Apondi ka ìwé náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òun fúnra òun ló dìde dúró, tó ṣubú nítorí àìṣọ́ra, àti pé òun ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ láéláé.

"Fọwọ́ sí i jàre," Odira sọ. "Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa fi wá ṣẹ̀sín láàárín ẹbí màmá wa?"

Apondi wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Dókítà ò tíì lè sọ bóyá ó máa lè dúró látàárọ̀ dalẹ́ mọ́. Iṣẹ́ irun sì rèé, ìdúró ni. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó mú bírò, àmọ́ nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ọkọ̀ fi tún yí padà wá bá mi?"

"Ìgbì ni."

"Ìgbì kẹ̀? Lọ́jọ́ tí omi pa rọ́rọ́?"

Àsìkò yẹn ni Akeyo wọlé. Obìnrin yìí ló ń wa ọkọ̀ àwọn adóòlà lórí adágún, òun ló sì fa Apondi yọ. Ó kí gbogbo wọn, ó sì tajú kán rí ìwé náà.

"Àǹtí Akeyo, ṣé ọkọ̀ lè ṣàdédé yí padà fúnra rẹ̀?"

"Bí kò bá sẹ́nì kankan nídìí ẹ́ńjìnnì, á máa yí po lójú kan ni."

"Ṣùgbọ́n atukọ̀ wà níbẹ̀."

"Ó wà nínú ọkọ̀, lóòótọ́. Apá ibo nínú ọkọ̀?"

Apondi fa fóònù rẹ̀ yọ. Awino ti fi fọ́tò tí wọ́n yà kété kó tó já sómi ránṣẹ́ sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka. "Awino rèé. Èmi ìjàpá rèé. Ó tán, àwa márààrún la wà nínú ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló wà lẹ́yìn wa yìí. Ta ló wá ya fọ́tò?"

Odira gba fóònù, ó wò ó títí. "Atukọ̀ ni. Ó ti fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó lọ dúró síwájú."

Akeyo fẹ fọ́tò náà lójú. "Ẹ wo okùn pupa tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ atukọ̀ ló yẹ kí wọ́n so ìdí rẹ̀ mọ́. Bí atukọ̀ bá ṣubú tàbí tó kúrò níbẹ̀, okùn á fà yọ, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀. Ara kẹ́tùlù tíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n so ó mọ́ níbí. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì ò fi kú."

Ogutu wúkọ́. "Àwọn aláfẹ́ ló máa ń ní kó ya àwọn. Gbogbo ọkọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ wá kọ ọ́ síwèé pé èmi ni mi ò ṣọ́ra, Bàbá?"

Odira yíjú sí Akeyo. "Ṣé ká wá gbé ẹbí wa lọ kọ́ọ̀tù ni?"

"Ẹ lè yanjú ẹ̀ nínú ẹbí, kò burú. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Èmi náà ti kọ ohun tí mo rí sínú ìwé iṣẹ́ wa. Àwọn agbẹjọ́rò kan wà tí kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ka ìwé yòówù kẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ sí."

Apondi rọra dá ìwé padà. "Mi ò bá yín jà, Bàbá. Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá lè dúró ṣe irun mọ́. Ẹ̀yin náà ò mọ̀. Báwo la ṣe máa kọ ọ́ pé ó ti parí?"

Ogutu ká ìwé náà sápò, ó jáde. Lọ́jọ́ kejì, Odira fúnra rẹ̀ ló lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó gba oṣù mélòó kan, wọ́n jókòó níwájú agbẹjọ́rò, Ogutu sì gbà láti san owó ìtọ́jú náà títí ẹsẹ̀ fi máa jinná, àti owó tí Apondi ì bá rí lásìkò tí kò lè ṣiṣẹ́. Apondi ṣì ń tiro díẹ̀. Orí àga gíga ló ti ń di irun báyìí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bẹ́ ẹ bá ń lọ ṣe fàájì lórí omi, ẹ wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ so ó dáadáa, ẹ má fi jókòó. Ẹ wò ó bóyá okùn ẹ́ńjìnnì wà lọ́wọ́ atukọ̀, ẹ má sì ní kó ya yín ní fọ́tò. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ tọ́jú fọ́tò àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà àti ọlọ́pàá, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́, torí òfin ní gbèdéke àkókò tí èèyàn fi lè pẹjọ́. Ẹni tó bá ń kánjú kí ẹ fọwọ́ síwèé nígbà tí ojú ọgbẹ́ ò tíì jinná, ẹ bi í pé kí ló ń lé e.