Ẹni Mẹ́rin Ló Mọ Yàrá Náà

Aago méjì ọ̀sán Ẹtì ni Bùkọ́lá gbé oúnjẹ dé Iresa, lọ́dún 1988. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò yẹ kó ṣí. Bùkọ́lá dúró.

"Àǹtí Safurat?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ó wọlé. Obìnrin náà wà nílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Apá òsì rẹ̀ ti tẹ̀ síbi tí apá kì í tẹ̀ sí. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i létè.

"Ó mọ ibi tí mo wà," ni Safurat wí. Ó wí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohùn rẹ̀ ò ròkè.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Gbádégẹṣin, ọkùnrin tín-ínrín tí kì í yára sọ̀rọ̀, kò ní láti wá ẹni tó lù ú. Mashood ọkọ rẹ̀ ni, awakọ̀ lọ́rì láti Ọ̀yọ́. Ó ti sá lọ. Lọ́jọ́ Ajé ni Safurat yóò jẹ́rìí lòdì sí i ní kóòtù Ọ̀yọ́, nítorí lílù kan tó ti dí i létí.

Ohun mìíràn ló ń ba ìnsípẹ́kítọ̀ lẹ́rù. Ẹni mẹ́rin péré ló mọ yàrá náà, ọ̀kan nínú wọn sì ti sọ. Bí kò bá mọ ẹni náà kí ọjọ́ Ajé tó dé, kò sí ibi tí wọ́n lè gbé obìnrin yìí sá sí tí ọkọ rẹ̀ ò ní bá a. Nígbà kejì, ó lè má jẹ́ apá nìkan.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Tíṣà Kíkẹ́lọmọ, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta bí wọ́n ṣe lè dúró ti ẹni tí wọ́n ń lù nílé, kí wọ́n bá a dé àgọ́ ọlọ́pàá, dé ọsibítù, dé kóòtù. Alábàárìn ló ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó kọ sójú pátákó ṣì wà níbẹ̀: *Gbà á gbọ́. Má bi í pé kí ló ṣe fún ọkọ rẹ̀. Má sọ ibi tó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìyá rẹ ló béèrè.*

"Èmi ni mò ń ṣe ọlọ́pàá nínú kíláàsì," ni Tíṣà wí. "Mo máa ń jágbe mọ́ wọn, kó lè mọ́ wọn lára."

"Ṣé bí àwa ṣe rí lójú yín nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, sà. Bí ẹ ṣe rí ni."

Ìnsípẹ́kítọ̀ pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹni mẹ́ta yòókù, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Adéjọkẹ́ kọ́kọ́ wọlé, ó sì káwọ́ lẹ́rán.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ń wakọ̀ ní gáréèjì tí Mashood wà."

"Torí ẹ̀gbọ́n mi ń wakọ̀, èmi ni mo wa Mashood dé Iresa? Ẹ lọ bi ẹ̀gbọ́n mi, sà. Kò tiẹ̀ mọ kíláàsì tí mo wà."

Bùkọ́lá ló tẹ̀ lé e. Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í bí Safurat ṣe ń ṣe sí wọn. "Àǹtí Safurat máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, sà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi gùn bí ti lékeléke. Wọ́n ń pe Adéjọkẹ́ ní Jọkẹ́."

"Stephen ńkọ́?"

"Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń bá wa kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀."

Stephen wọlé kẹ́yìn, ọmọ ogún ọdún, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gún dáadáa. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè láìkọsẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó ní òun ò mọ Mashood rí.

Ní Sátidé, gbogbo wọn lọ kí Safurat ní ọsibítù. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, n ò lè kúnlẹ̀," ló wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ni Stephen wọlé. Safurat sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú apá tí wọ́n dì, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù, ó sì dorí kodò.

"Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀."

Kò sẹ́ni tó fọkàn sí i, àfi ìnsípẹ́kítọ̀. Kíá ló gba Ọ̀yọ́ lọ. Nínú agbo ilé Mashood, ó bá ìyá àgbà kan tó ń ṣa ẹ̀gúsí.

"Ẹ kúuṣẹ́, Màmá. Stephen ńkọ́?"

"Stephen tiwa? Ó wà nílé ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá. Ṣé nǹkan ò ṣe é?"

Ní ọ̀sán Àìkú, ó kó gbogbo wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Safurat. Ọlọ́pàá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá yìí fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju Stephen lọ," ni ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Kò lè kúnlẹ̀ fún Tíṣà, tó dàgbà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó fi apá dídá kúnlẹ̀ fún ọmọ yìí, ó ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀, kò sì jẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Ta ni obìnrin wa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún? Ọmọ tó bá nílé ọkọ ni. Stephen ń jẹ́ Stephen, Mashood ń jẹ́ Mashood, ẹ ò wá rò ó pé agbo ilé kan náà ni wọ́n ti wá."

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un dé Iresa ló ti pè é ní Akọ̀wé," ni Tíṣà wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo rò pé bírò àpò rẹ̀ ló rí."

Stephen ò ṣẹ́jú. "Àwọn bàbá ló ní kí n sọ. Wọ́n ní ìyàwó ilé kì í gbé ọkọ lọ sí kóòtù. Bọ̀ọ̀dá Mashood ní ẹ̀bẹ̀ lòun fẹ́ lọ bẹ̀."

"Kí ni mo kọ sójú pátákó, Stephen?" ni Tíṣà bi í.

Stephen yíjú sí ògiri.

"Níbo ni Mashood wà?" ni ìnsípẹ́kítọ̀ bi í.

"Sábó. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń já àlùbọ́sà."

Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ti jáde. Ìnsípẹ́kítọ̀ yíjú sí Safurat. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

"Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà lọ́wọ́ wọn ní Ọ̀yọ́."

"Wọ́n ti wà lọ́dọ̀ ìyá yín láti òwúrọ̀ yìí. Èmi fúnra mi ni mo kó wọn." Ó tẹ́ ìwé ẹ̀rí sórí itan ara rẹ̀. "Ó kù kí ẹ fẹnu ara yín dárúkọ ẹni tó sọ ibi tẹ́ ẹ wà."

Safurat wo Stephen. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo ilẹ̀. Bùkọ́lá rìn wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kò fọwọ́ kàn án, kò sọ nǹkan kan.

Safurat gbójú sókè.

"Stephen ni."

Ọmọkùnrin náà fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Láti ọjọ́ tí Safurat ti wọ agbo ilé wọn, kò pe orúkọ náà rí.

"Stephen ni," ló tún wí. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."