Ọ̀bẹ Inú Ọbẹ̀

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Tíṣà Akínlẹ́yẹ, oòrùn ò tíì ga, àwọn sọ́jà sì ti to àgbá sójú títì ní Ìdímù. Ọdún 1984 ni, ọdún tí ìjọba ológun fi kòbókò kọ́ gbogbo Èkó bí a ṣe ń tò sórí ìlà, tí baba ọlọ́mọ tó bá yà kúrò lórí ìlà á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níbùdókọ̀. Oko ẹ̀gẹ́ ló ṣì pọ̀ ní Ìgàndó tiwa nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ra ohun gidi á gba ọ̀nà eléruku lọ sí Ìdímù. Ibẹ̀ ni tíṣà wa ń lọ, pẹ̀lú ṣòkòtò kákí rẹ̀ tó lọ̀ dáadáa, àti ọ̀bẹ kan nínú àpò rẹ̀.

Ọmọ Èkìtì ni, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ìfẹ́ ọ̀bẹ àpò sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ọ̀bẹ kékeré tó ń ká sínú èèkù ara rẹ̀ ni mò ń wí. Níbi tí ẹlòmíì ti ń ṣa aṣọ òkìríkà, ọ̀bẹ lojú tirẹ̀ máa ń wá. Ó ní èyí tí wọ́n fi ìwo màlúù ṣe èèkù rẹ̀, ó ní pupa kan tó ní sísọ́ọ̀sì wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ti bàbá rẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán nítorí pípọ́n. Gbogbo wọn wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi epo pa wọ́n, ó fi àkísà mímọ́ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tuntun. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń bá a jáde. Òun ló fi ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, òun ló fi ń gé okùn, òun ló sì fi ń bó ọsàn fún gbogbo ilé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Èèpo ọsàn náà á máa sọ̀ kalẹ̀ láìjá, Kẹ́mi ọmọ rẹ̀ á sì gbà á, á fi kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀.

Àwọn adigunjalè ti ṣọṣẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ́jọ́ tó ṣáájú, inú sọ́jà ò sì dùn. Wọ́n tú àpò gbogbo ọkùnrin tó ń kọjá.

“Wetin be dis?”

“Ọ̀bẹ àpò ni sà. Mo fi ń bó ọsàn ni.”

Ìgbátí ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n jù ú sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ọkọ̀ wọn lè wá kó òun àti àwọn yòókù nírọ̀lẹ́. Gbogbo ayé ló mọ ibi tí ọkọ̀ yẹn ń lọ. Ìgbìmọ̀ ológun ni, àwọn tí kì í pẹ́ kí wọ́n tó ní kí wọ́n yìnbọn pa ẹni tí wọ́n bá pè ní adigunjalè.

Insipẹ́tọ̀ Ọdẹ́tọ́lá, ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

“Mo máa ń kó wọn jọ ni sà. Agolo kan kún nílé, àkísà ni mo fi wé wọn.”

“O ń kó ọ̀bẹ jọ? Fún kí ni?”

“Wọ́n wù mí ni sà.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu insipẹ́tọ̀. “Olè wo ló ń fi àkísà wé ọ̀bẹ? Ó dáa. Kí ìyàwó rẹ kó agolo náà wá kí n fojú ara mi rí i. Bí mo bá rí i kí ọkọ̀ yẹn tó dé, wàá lọ sílé. Bí ọkọ̀ bá ti dé, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi.”

Kọ́púrù kan ń lọ sí Ìgàndó. Sọ́jà kan tí kò gbọ́ Yorùbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, insipẹ́tọ̀ ò sì fẹ́ kó gbọ́ “knife” rárá. Ó fẹnu sí kọ́púrù létí: “Tell im wife make she bring ọ̀bẹ. All of am. She go understand.”

Èèyàn dáadáa ni kọ́púrù yìí, àmọ́ kò tíì pẹ́ tó dé Èkó, Yorùbá tó gbọ́ ò ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ó bá Susanna, ìyàwó tíṣà, níbi tó ti ń sunkún ọkọ rẹ̀ tí wọ́n mú.

“Madam, your oga say make you bring obe. All di obe. Quick-quick!”

Ó pè é gbọrọrọ, kò gbé ohùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí Susanna tó béèrè nǹkan kan, ó ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

“Ọbẹ̀ kẹ̀?” ni Susanna wí.

Tòún tí wọ́n jọ ń gbélé dáhùn pé, “Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ló fẹ́ jẹun, àbí ẹ ò mọ̀ wọ́n ni? Ẹ sè é kó pọ̀ jàre.”

Ó pa àkùkọ tí wọ́n ń sìn de ọdún Àjíǹde. Ó lọ ata, ó da epo sí i, omijé rẹ̀ sì ń kán sínú ìkòkò. Oòrùn ti ń yẹ̀ nígbà tó gbé ìkòkò náà dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ọkọ rẹ̀ rí i láti ẹ̀yìn irin, ó sì figbe ta.

“Ìyá Kẹ́mi! Ọ̀bẹ ni! Ọ̀bẹ ni wọ́n ní, kì í ṣe ọbẹ̀! Agolo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì!”

Susanna sọ ìkòkò kalẹ̀. Insipẹ́tọ̀ ò tilẹ̀ wo inú ìkòkò. “Ẹ gbé e lọ, kí wọ́n má bàa ní mo gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ sáré, màdáámú.”

Ó sáré. Ó délé, ó fa agolo jáde, àmọ́ Tòún dì í lọ́wọ́ mú.

“Ẹ fẹ́ gbé ọ̀bẹ kọjá níwájú sọ́jà? Ẹyọ kan péré ni wọ́n bá lọ́wọ́ bàbá Kẹ́mi o!”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Susanna wo agolo, ó wo ìkòkò. Ó kó àwọn ọ̀bẹ náà sínú ọ̀rá, ó so ó pa, ó sì rì í sísàlẹ̀ ọbẹ̀. Tó bá kọjá àwọn sọ́jà tán, á yà sẹ́yìn igi, á yọ wọ́n, á nù wọ́n mọ́.

Sọ́jà ṣí ìkòkò, òórùn rẹ̀ dára, ó mú itan adìẹ kan, ó ní kó máa lọ. Ọkàn Susanna fò fún ayọ̀. Ó ti ń wá igi tó máa yà sí nígbà tó gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá tó ń kù nínú ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá. Kò rántí igi mọ́. Eré ló sá wọlé.

“Mo ti kó o dé sà! Gbogbo rẹ̀ nìyí!”

Ó ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò dé ìgbọ̀nwọ́ kó tó rí ọ̀gá sọ́jà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ insipẹ́tọ̀. Ọ̀rá náà jáde, epo ń ro lára rẹ̀. Ó já, àwọn ọ̀bẹ sì dà sílẹ̀ gbàràgàdà.

Ọ̀gá sọ́jà wò wọ́n pẹ́. “So, inside soup. For inside cell.”

“Rárá sà! Ẹ bi insipẹ́tọ̀! Àwọn ni wọ́n ní kí n kó o wá! Insipẹ́tọ̀, ẹ sọ fún wọn, ẹ dákun!”

Insipẹ́tọ̀ Ọdẹ́tọ́lá la ẹnu. Ó wo kòbókò ọwọ́ ọ̀gá sọ́jà, ó sì pa ẹnu náà dé. Kí Ọlọ́run dárí jì í, nítorí èmi ò mọ bí èèyàn á ṣe ṣe é. Wọ́n fi ìdí ìbọn ti Susanna sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì ju Akínlẹ́yẹ sẹ́yìn ọkọ̀. Susanna dúró pẹ̀lú epo lápá, ó ń pariwo orúkọ ọkọ rẹ̀ títí eruku fi bo ọkọ̀ náà.

Wọn ò yìnbọn fún un. Ẹjọ́ rẹ̀ ò tilẹ̀ kàn rí, ṣe ni wọ́n gbàgbé rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, sọ́jà tún gbàjọba lọ́wọ́ sọ́jà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fẹ́ káráyé fẹ́ràn wọn, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún irú rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé Ìgàndó, wọ́n ti kó àgbá kúrò ní Ìdímù. Ó gbẹ, ó sì máa ń gbọ̀n tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan àpò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Susanna gbé ọsàn síwájú rẹ̀. Ó ti ra ọ̀bẹ àpò tuntun kan, ó fi àkísà mímọ́ wé e, ó sì rọra fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Kẹ́mi jókòó sílẹ̀, ó ń dúró de ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀.

Akínlẹ́yẹ wo ọ̀bẹ náà, ó wo ẹnu ọ̀nà.

“Ìyá Kẹ́mi, bá mi gbé e kúrò.”

Ó mú ọsàn, ó fi eyín ya èèpo rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó ń tu ú sílẹ̀, omi rẹ̀ ń ṣàn lágbọ̀n. Kẹ́mi ṣa àwọn èèpo náà nílẹ̀, ó ń gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀.