Ohun Tí Ẹ̀rọ Etí Kò Kọ́ Ọ

Bàtà ọkùnrin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, eruku sìmẹ́ǹtì funfun bò ó ní ìpéǹpéjú, ó sì ń wo ilẹ̀ yàrá ìdánwò náà bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù síbẹ̀. Bí ọ̀dọ́bìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Ẹ wọ bàtà yín, ẹ jọ̀ọ́. Àbí ẹ fẹ́ sá lọ ni?"

"Ta ló lẹ táìsì yìí?" ni ọkùnrin náà fi dá a lóhùn. "Ó wọ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá Táìsì."

Orúkọ náà mọ́ ọn lórí láti ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ yàrá yẹn kò le. Ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ ni wọ́n ń kọ́ sí etí òsì ẹni tó bá wá kọ́ nǹkan. Nígbàkígbà tó bá ṣe ohun tó tọ̀nà, ọ̀dọ́bìnrin náà á fẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan lábẹ́ tábìlì, iná fẹ́ẹ́rẹ́ á rìn bí èèrà gba iṣan etí lọ sínú ọpọlọ, bí ẹni ń sọ fún un pé, "Di eléyìí mú." Àwọn ọ̀gá tó ń ṣèwádìí náà fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn á yára kọ́ nǹkan ju bó ṣe máa ń rí lọ.

Fífi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ni Ọ̀gá Táìsì wá kọ́. Àìsàn ti di ìyá rẹ̀ létí. Ìyá ti kọ́ tirẹ̀. Ọmọ ni kò gbọ́ ohun tí ọwọ́ ń wí.

"Ọdún kan rèé tí èmi àti màmá mi ń kọ ìwé síra wa bí àwọn tó ń jà," ló sọ.

Ọ̀dọ́bìnrin náà á fi ọwọ́ tirẹ̀ júwe, ọkùnrin náà á tẹjú mọ́ ọn, á sì fi ọwọ́ tó le bí pákó ṣe é padà.

"Ẹ̀ẹ́! Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pe màmá yín ní màlúù."

"Ẹ má sọ fún wọn o!"

Gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá Táìsì bá ń bọ̀ ló máa ń gbé tíì wá fún un, ṣúgà á sì kún inú rẹ̀. "Mo ní mi ò kì í mu ṣúgà." "Áà, mo tún ti gbàgbé!" Ọ̀dọ́bìnrin náà á sì mu ún tán.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, Ọ̀gá Táìsì sáré wọlé. "Tíṣà! Mo fi ọwọ́ bi màmá mi bóyá wọ́n ti jẹun. Wọ́n ní ọbẹ̀ mi ò dùn! Wọ́n fi ọwọ́ bú mi, Tíṣà!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, ó ní, "Kì í ṣe Tíṣà ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, ìwọ ni. Mo fẹ́ràn rẹ."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni inú ọ̀dọ́bìnrin náà fi dùn débi pé ó ń kí ilẹ̀kùn kó tó ṣí i. Lọ́jọ́ kẹrin, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì.

"Kí ló ń wò nígbà tí o bá ń tẹ nǹkan yẹn?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ọwọ́ mi."

"Ọwọ́ rẹ nìkan?"

"Èmi náà, ẹ̀gbọ́n mi."

"Hẹ̀n. Ṣé òun ló wá fẹ́ràn rẹ, àbí ìwọ lo lẹ ara rẹ mọ́ ọn lọ́pọlọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún ọkùnrin náà pé, "Má wá mọ́. Ó ku ìdánwò ìkẹyìn lóṣù mẹ́ta òní. Tí o bá ti gbàgbé ohun tí ẹ̀rọ kọ́ ọ, tí o sì tún fẹ́ mi, màá gbà pé ìwọ gan-an ló fẹ́ mi."

"Tí mi ò bá gbàgbé ńkọ́?"

Ọ̀dọ́bìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Oṣù mẹ́ta náà gùn. Ọkùnrin náà dé lọ́jọ́ ìdánwò, ó ti fá irùngbọ̀n. Nínú ọgọ́fà ọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ sọ mẹ́tàdínlọ́gọ́fà láìṣì. Bó ṣe ń gbà á, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ọ̀dọ́bìnrin náà ń rẹ̀wẹ̀sì.

"O ò gbàgbé," ló sọ jẹ́jẹ́. "Ohun tí ẹ̀rọ yìí bá lẹ̀, kì í ṣí."

"Wá bi mí ní ìbéèrè nípa ìwọ."

"Nípa èmi báwo?"

"Ṣá bi mí."

"Oṣù wo ni wọ́n bí mi?"

"Oṣù karùn-ún."

"Oṣù kọkànlá ni! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún ọ! Iṣẹ́ wo ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe?"

"Tíṣà ni wọ́n?"

"Nọ́ọ̀sì! Ṣúgà mélòó ni mò ń fi sí tíì?"

"Méjì."

"Olódo!" Ẹ̀rín ti ń gbọ̀n ọ́n.

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Ká ní ẹ̀rọ ló lẹ̀ ọ́ mọ́ mi ni, ǹ bá ti mọ̀ ọ́ tán. Mi ò tíì mọ̀ ọ́ rárá. Mo kàn mọ̀ pé mo fẹ́ mọ̀ ọ́ ni, láìsí wáyà kankan. Á pẹ́ o, torí olódo ni mí. Fẹ́ mi."

Ọ̀dọ́bìnrin náà wò ó títí. Ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí èèyàn gbàgbé. Ọkùnrin yìí ń gbàgbé, ó sì tún ń padà wá.

"Mo gbà," ló sọ. Ojú ẹsẹ̀ ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí n fẹ́ òun. Mo ti gbà."

Ohùn ẹ̀gbọ́n gba yàrá kan láti inú fóònù. "Ṣé ó mọ̀ pé o máa ń hanrun?"

"Kò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ ó ti gbọ́ báyìí."

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí etí òsì rẹ̀, ó yọ pẹ́ńsù iṣẹ́ tó há síbẹ̀, ó sì kọ "hanrun" sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.