Fèrèsé Tí Òfin Ní Kí Wọ́n Lu Sára Gáréèjì

Ojú ihò ọgbà ni Ofelia Zamudio ti kọ́kọ́ rí Anselmo. Ọkùnrin gíga kan, okùn ìwọ̀n lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ sábẹ́ igi ọsàn wẹ́wẹ́ aládùúgbò, ó ń wọn ilẹ̀ bí ẹni ń tọ ipasẹ̀ ọ̀yà. Ó rẹwà. Ara fu Ofelia, nítorí ní Boyle Heights, àdúgbò wọn ní Los Angeles, ẹni bá ń wọn ilẹ̀ nítòsí rẹ, kí o kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an.

Gáréèjì ẹ̀yìnkùlé Ofelia kò gba ọkọ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀, Don Refugio, ló ń gbé inú rẹ̀ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti lè gun àtẹ̀gùn, ó ní sítóòfù, ó ní ilé ìwẹ̀, ìjọba ìlú kò sì mọ̀ sí i. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n lè lé bàbá jáde, apá wọn kò sì ká ilé míì ní Los Angeles.

Ọkùnrin náà ní ayàwòrán ilé lòun. Aládùúgbò fẹ́ kọ́ ilé kékeré sẹ́yìn, òfin sì ní kó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin jìnnà sí ọgbà.

“Ṣé ọgbà mi náà wà nínú iṣẹ́ yín ni?”

“Ó wà níbẹ̀. Ojú tó ń yọ nínú ihò rẹ̀ ni wọn ò kọ fún mi.”

Ofelia rẹ́rìn-ín, inú sì bí i pé òun rẹ́rìn-ín.

Ìfẹ́ wọlé bí omi abẹ́ ẹní. Anselmo ń gbé tamales, àgbàdo lílọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ewé pọ́n, wá lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á jọ jẹ ẹ́ nílé Ofelia, Ofelia á sì máa yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ tí Anselmo béèrè pé ta ló ń tanná nínú gáréèjì, Ofelia yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló á sá. Nígbà tí Anselmo sì sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lẹ́bàá ògiri gáréèjì, Ofelia ní òun kò lè fẹ́ ẹnikẹ́ni, kò sọ ìdí.

Kò pẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú kan ilẹ̀kùn, ó ní òun wá wo gáréèjì. Bó ṣe lọ tán, Ofelia kọjú sí Anselmo tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́hùn-ún ọgbà.

“O jẹun nílé mi, o sì tà mí.”

Anselmo ká okùn rẹ̀. “Àṣé gbogbo ìgbà yìí, ojú amí lo fi ń wò mí.”

“Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀,” ni Don Refugio wí, ó ti fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. “Èmi ni mo lọ fẹjọ́ ara mi sùn. Ògiri yẹn fẹ́lẹ́, Ofelia. Mo gbọ́ bí o ṣe kọ ọkọ nítorí mi.”

Ó ní òun ti wádìí: ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, wọn kì í bu owó ìtanràn lé e, wọ́n á fún un láàyè kó tún ibùgbé rẹ̀ ṣe. Ohun tí òfin béèrè ni wáyà tuntun, àti fèrèsé tí èèyàn lè gbà jáde bí iná bá sọ. Owó ńlá ni, àmọ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó ilé tuntun.

Ofelia sunkún. Ó bẹ Anselmo láìwá àwáwí: ìfura ti di ojú òun, òun kò rí i rí bó ṣe rí gan-an. Ọkùnrin náà fo ọgbà kọjá wá bá wọn.

“Bàbá, ibo ni kí fèrèsé yìí kọjú sí?”

“Bi onílé.”

“Ilé ìdáná mi ni,” ni Ofelia wí, kò wojú rẹ̀. “Kí èmi àti ọkọ mi lè máa rí bàbá wa.”

“Ọkọ wo?”

“Ẹni tí mo ń bẹ̀, tó fẹ́ kí n tún un sọ.”

Anselmo fi okùn ìwọ̀n lé e lọ́wọ́. “Dì í mú níbẹ̀ yẹn, ìyàwó mi. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ dáadáa.”