Ìjókòó Kẹrin

Ọjọ́ mẹ́ta ni mọ́tò náà ti wà lábẹ́ àtíbàbà. Oòrùn kò kàn án, iná kò sí nítòsí rẹ̀, síbẹ̀ mẹ́ta nínú ìjókòó rẹ̀ mẹ́rin ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí ibi tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ẹkẹrin, èyí tó wà lẹ́yìn lápá òsì, tutù bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Afínjú gbé ọwọ́ kúrò, ó tún gbé e padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rán awọ ìjókòó àti aṣọ òrùlé mọ́tò, àwọn oníbàárà ló sì sọ ọ́ ní Afínjú, nítorí kì í fi àléébù kankan sílẹ̀. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀ láti ìgbà tí oníṣègùn eyín ti gbé mọ́tò yìí wá. Ọkùnrin náà jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Irú rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe láyé: ọwọ́ ni wọ́n fi lu irin rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ igi inú rẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ aṣọ tí ènìyàn lè ká sẹ́yìn bó bá fẹ́ gba atẹ́gùn. Aṣọ yẹn ló ti gbó, òun ni kí Afínjú pààrọ̀.

Ohun tí oníṣègùn eyín kò mọ̀ ni pé Afínjú dá ìránṣọ inú ìjókòó wọ̀nyẹn mọ̀. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Bàbá náà wà nínú yàrá, ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà gan-an, ó ti di ọdún méjì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Òun ló kọ́ Afínjú níṣẹ́, ṣùgbọ́n kò yìn ín rí. Bó bá fi ojú wo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ báyìí, á yọ ṣùtì ètè, á ní, "Ó kù díẹ̀." Ogún ọdún ni Afínjú ti ń gbọ́ "ó kù díẹ̀," ó sì ń dùn ún dé egungun. Ìdí nìyẹn tí kò fi sọ fún un pé mọ́tò náà ti dé. Ó fẹ́ parí rẹ̀, kó ṣí fèrèsé, kí bàbá rí i, kó sọ pé ó dára, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó rán òrùlé náà fún ọjọ́ méjì gbáko. Kò sí ojú kan tó fò. Nígbà tó wá yí ìjókòó tútù yẹn dojú dé kó lè nù ún, ó rí àlàfo kan nísàlẹ̀: ojú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí wọn kò rán, tí wọ́n ta òwú ní kókó sí ìhà méjèèjì.

Afínjú bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ó-kù-díẹ̀! Tiyín náà kù díẹ̀!"

Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó dí àlàfo náà pa, ó sì dá ìjókòó náà padà sípò.

Nígbà tó gbé tíì lọ fún bàbá lọ́sàn-án, eyín bàbá ń gbá ara wọn. Ooru mú débi pé ògiri ń làágùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá tutù. Ó fi aṣọ ìbora méjì bò ó. Òtútù náà kò dẹwọ́. Ó rántí pé oníṣègùn eyín ti ń bọ̀ wá gbé mọ́tò, ó sáré jáde kó lè nu ibi tó kù. Ló bá fọwọ́ kan ìjókòó kẹrin.

Ó gbóná. Àárín rẹ̀ sì ti wọnú díẹ̀, bí ibi tí ẹni tó fúyẹ́ jókòó sí.

Ó sáré padà sínú yàrá.

"Mọ́tò wo ló wà níta?" Ohùn bàbá kò ju èémí lọ.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ fi yà yín lẹ́nu ni. Èyí tẹ́ ẹ ṣe láyé ọjọ́un ni."

"Ṣé o dí ojú tí mo fi sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀?"

"Lọ tú u. Sáré!"

Afínjú mú abẹ, ó gé òwú náà, ó fà á yọ. Atẹ́gùn kan jáde nínú ìjókòó náà, bí ẹni tó ti rẹ̀ tó mí kanlẹ̀. Awọ náà padà sípò, ó sì tutù.

Kò pẹ́ ni oníṣègùn eyín dé. Òjò ti ń ṣú, ó fa òrùlé tuntun náà bo orí, ó ń yìn ín títí tó fi wa mọ́tò gba iwájú fèrèsé bàbá kọjá.

Nígbà tí Afínjú gbé tíì gbígbóná mìíràn wọlé, ara bàbá ti yá, ó ti jókòó. Afínjú sunkún ayọ̀.

"Ohun tí àgbà fi orí ìjókòó rí, ọmọdé gun igi, kò lè rí i," ni bàbá wí. "Àwa mẹ́rin la ṣe mọ́tò yẹn. A fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. A búra pé ibikíbi tó bá wà, ibẹ̀ la ó wà. Káfíńtà ló kọ́kọ́ parí tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ náà ló kú. Ẹni tó lu irin parí, ó kú. Pẹ́ńtà parí, ó kú. Ni mo bá fi ojú abẹ́rẹ́ kan sílẹ̀. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ tirẹ̀ lára mọ́tò yẹn ló ń wọnú rẹ̀ lọ jókòó."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo ojú fèrèsé.

"Ṣùgbọ́n mo rí òrùlé yẹn bó ṣe ń kọjá. Ó dára, ọmọ mi. Kò ku nǹkan kan."

Afínjú di ọwọ́ bàbá mú, inú rẹ̀ ń dùn. Ìgbà náà ló rí i tí ojú bàbá yí padà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ.

"Ojú wo lo fi sílẹ̀ nínú rẹ̀?"

"N kò fi ọ̀kankan sílẹ̀, Bàbá."

Fóònù dún. Oníṣègùn eyín ni, ó ń rẹ́rìn-ín. "Afínjú, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ fi nǹkan tó ń mú ara gbóná sínú ìjókòó! Mo gbé báàgì mi sí ọ̀kan lẹ́yìn níbí, ó ti gbóná."

"Lápá ibo?"

"Lápá òsì."

"Ní kó yí i padà!" ni bàbá kígbe. "Ní kó gbé e padà wá!"

Fóònù ti já. Afínjú tún pè é, ó tún pè é, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ife tíì tó gbé wá fún bàbá ṣì wà lórí tábìlì, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Afínjú fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dì í mú, ó fún un mọ́ra pinpin.

Kò mọ ooru rẹ̀ lára.