Àtẹ̀jíṣẹ́ Tó Ṣi Ọkọ̀ Kẹrin Lọ́nà

Lẹ́bàá ihò òkúta ni wọ́n ti bá ọkọ̀ kẹrin ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí gbayawu, fíríìjì inú rẹ̀ ṣì ń kùn, ṣùgbọ́n àwọn oògùn tó ń gbé lọ sí ọsibítù ti pòórá. Awakọ̀ kò sí níbẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló kù sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ilẹ̀kùn.

Abẹ́rẹ́ ni àwọn ọ̀daràn ń pe ìnísípẹ́kítọ̀ tó gba ẹjọ́ náà, torí kì í wọ ibì kan kó má yọ ní òdìkejì. Bó ti mú bàtà náà wọ ọ́fíìsì akẹ́rù yẹn ni ẹ̀gbọ́n awakọ̀, obìnrin tó ń gbàlejò níbẹ̀, fò dìde.

"Ọ̀gá, bàtà àbúrò mi kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ bá mi rí i láàyè."

"Ẹ jókòó, ìyá mi. Ẹ jẹ́ ká yára."

Nínú yàrá ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọkọ̀, ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń pè ní Wáyà gbé fóònù sétí.

"Ta lò ń pè?"

"Bàbá Pẹ̀lẹ́, awakọ̀ wa, sà. Òun ni ẹ̀rọ kọ sórí ọkọ̀ kẹrin. Kò gbé e."

Wáyà fi ojú ẹ̀rọ hàn án. Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ẹnì kan fi páásìwọ̀dù ọ̀gá àwọn awakọ̀ wọ inú ẹ̀rọ láti ìta, ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: Afárá ti já. Gba ọ̀nà ihò òkúta.

"Fóònù ta ló lọ?"

Wáyà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó gbé fóònù etí rẹ̀ sílẹ̀. "Sà, kì í ṣe ti Bàbá Pẹ̀lẹ́."

Ọ̀gá àwọn awakọ̀ ti múra sílẹ̀ dè wọ́n ní ọ́fíìsì rẹ̀. "Olè ayélujára ni! Lánàá ni wọ́n fi lẹ́tà èké ránṣẹ́ sí mi lórí ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kó páásìwọ̀dù mi lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń ṣubú, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹlẹ́sẹ̀ méjì."

"Ta ló pààrọ̀ awakọ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Èmi ni. Inú ń run Bàbá Pẹ̀lẹ́, ó ti wà lọ́wọ́ dókítà láti agogo méje; mo bá fẹnu lásán pààrọ̀ wọn lẹ́nu géètì. Ta ló ráyè máa tẹ gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀rọ?"

"Ìwà ọ̀lẹ yẹn ló mú ọ," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ohun tí ẹ̀rọ kọ nìkan ni olè òkèèrè lè rí. Bàbá Pẹ̀lẹ́ ni ìbá ránṣẹ́ sí. Wáyà pàápàá kò mọ̀. Ẹni tí kò sí lọ́kọ̀ ló ń pè títí mo fi dé. Ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn bọ́ sí fóònù ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ gan-an. Ẹni mẹ́ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ géètì: ẹni tó sọnù, Bàbá Pẹ̀lẹ́ tó wà lọ́wọ́ dókítà láti agogo méje, àti ìwọ. Ìwọ lo kọ lẹ́tà èké sí ara rẹ. Ibo ni awakọ̀ náà wà?"

"Àwọn tó kó oògùn ní àwọn ò ní lù ú…"

"Mo ní ibo ló wà!"

"Yàrá onírin, nílé ìlagi àtijọ́. Wọ́n tì í mọ́ ibẹ̀."

Oòrùn ti kan àtàrí. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá já àgádágodo, ooru rọ́ lù wọ́n lójú. Awakọ̀ náà nà gbalaja sílẹ̀, ó ń mí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n bomi sí i lẹ́nu, wọ́n gbé fóònù sí i létí.

"Àbúrò mi! Kí ló dé tó o fi yà kúrò lọ́nà? Ṣé wọn ò kìlọ̀ fún yín pé ẹ má gba ọ̀nà mìíràn ni?"

"Mo kọ́kọ́ pe ọ̀gá àwa awakọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n máa lọ, pé òun ń ṣọ́ mi lójú ẹ̀rọ."