Ẹyẹ Inú Èdìdì

Oògùn tó yẹ kó dá ẹ̀jẹ̀ Hidayat dúró lẹ́yìn ìbímọ, omi lásán ni. Kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, ó ti kú. Ọmọ náà yè.

Ọkọ rẹ̀, Alfa Hamzah, tó ń fọwọ́ kọ Àlùkùránì tà ní Ọjà-Ọba, jókòó níwájú Ìnsípẹ́kítọ̀ Kàdíját Àríyọ̀. Tàdáwà tó fi ń kọ̀wé ṣì dúdú lọ́mọ ìka rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń bi obìnrin náà.

"Madam, ṣé èmi ni mo ra ikú wálé? Mo yí èdìdì ara páálí oògùn yẹn sí oòrùn bí wọ́n ṣe kọ́ wa lórí rédíò. Ẹyẹ inú rẹ̀ na apá, ó tún pa á dé. Ayédèrú kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Kàdíját náà yí i wò. Ẹyẹ na apá lóòótọ́. Ó gbé dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e lórí. Àwọn ìlà wínníwínní tó ń fọ́ ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ òṣùmàrè pé, àmọ́ wọ́n ti ya létí kan. Ó fi abẹ ṣí èdìdì náà díẹ̀, ó rí nǹkan dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Ó ní kí Hamzah mú òun lọ síbi tó ti ra oògùn náà, ní Ọjà Tuntun.

Àhmádù tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kò tilẹ̀ dìde.

"Wàláhì, ẹ wò ó dáadáa. Irọ́ ì báà lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Ojúlówó lèdìdì yìí."

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

"Ojúlówó ni," Kàdíját dáhùn, "àmọ́ ara páálí tí wọ́n ti lò tán lo ti bó o wá sára ayédèrú. Ilé iṣẹ́ kì í fi nǹkan dúdú lẹ èdìdì. Oje igi tí wọ́n pò mọ́ tàdáwà nìyí, èyí tí kì í jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ ṣí kúrò lára wàláà, pátákó ìkọ̀wé kéwú. Ìwọ kì í po tàdáwà, Àhmádù. Ta ló bá ọ lẹ̀ ẹ́?"

Hamzah ni Àhmádù wò.

Hamzah ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó ní ooru ló ń bó àwọn èdìdì náà. Ó ní oje tèmi lágbára. Igba páálí ni mo bá a lẹ̀, madam. N kò gba kọ́bọ̀, aládùúgbò mi nílé ni."

"Ẹ ò dá iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ rà á?"

"Ẹyẹ ni mo ń wò."

"Ìyàwó mi ló tà á fún un," Àhmádù ń kùn. "Kò mọ̀ pé omi ni."

Kàdíját fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Àhmádù lọ́wọ́. "Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n ti tà tán. N ò mọ ẹni tó rà wọ́n."

Ọkàn Kàdíját bàjẹ́ gidigidi. Kò sí ọ̀nà tó fi lè gba àwọn páálí tó kù padà láti ilé àwọn tó rà wọ́n.

"Alfa, Àhmádù ló pa á," ó ní. "Kì í ṣe ẹ̀yin."

Hamzah wo ìka rẹ̀. "Ọwọ́ mi ló lẹ̀ ẹ́, madam."